Yàrá Òkùnkùn Ilé Wa ní Máfolúkù

Nílé wa ní Máfolúkù, etí la fi ń mọ ẹni tó kọ́kọ́ jí. Bó bá jẹ́ màmá mi ni, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn láti páálọ̀, tàkà-tàkà-tàkà, bí ẹni pé aṣọ náà fẹ́ sá lọ. Bó bá jẹ́ bàbá mi ni, ikọ́ ni ẹ ó gbọ́, ikọ́ kékeré tí kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ikọ́ ẹni tó ti ń fa òórùn omi fọ́tò símú láti ìgbà àpọ́n. Bó bá wá jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú ló kọ́kọ́ jí, gbogbo ilé ló jí nìyẹn, nítorí orí òrùlé wa ni wọ́n ń gbà lọ balẹ̀. Páànù á gbọ̀n, àwo á gbọ̀n, àwọn adìyẹ á sá wọ abẹ́ àga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ariwo yẹn náà ni wọ́n ti jáde nínú ẹyin. Yàrá mẹ́jọ ló kojú sí ara wọn nínú ilé náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló là wọ́n láàárín. Mẹ́ta jẹ́ tiwa: páálọ̀ tí aṣọ àwọn oníbàárà màmá mi ti kún, yàrá tí àwa mẹ́ta ń sùn sí, àti yàrá kótópó kan lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí bàbá mi fi ìwé àpò sìmẹ́ńtì lẹ ojú fèrèsé rẹ̀ pa, tí wọ́n sì sọ ọ́ di yàrá òkùnkùn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, tí wọ́n sì ń tẹ fọ́tò jáde lábẹ́ gílóòbù pupa kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bí wọ́n bá gbà kí n wọlé, mo gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, n kò sì gbọdọ̀ béèrè ju ìbéèrè mẹ́ta lọ. Mo sábà máa ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo rí níbẹ̀: ìwé funfun tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ á rì sínú abọ́ omi, á sinmi díẹ̀, ojú ènìyàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú omi. Títí di òní, n kò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan, títí kan ọkọ mi níbi tó ti ń dáná.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, owó epo ti wọ ìlú, gbogbo nǹkan ló sì fẹ́ ní àwọ̀. Àwọn ènìyàn ń ti abọ́ tánganran funfun sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ra ike: ike pupa, ike olómi ọsàn, ike tí àwọ̀ rẹ̀ kò tiẹ̀ ní orúkọ. Mọ́tò tuntun ń kọjá lójú títì bí ẹni tó da àpò súìtì sílẹ̀. Ní Òṣòdì, kátapílà ń hú ilẹ̀ láti la ọ̀nà ńlá, òun náà yẹ́lò. Àwọn oníbàárà bàbá mi ò gbẹ́yìn. Wọ́n á wọ páálọ̀, wọ́n á kí wa dáadáa, wọ́n á jókòó, wọ́n á wá béèrè pé, "Bàbá Fọ́tò, ṣé kọ́lọ̀ ni?" Bàbá mi á ní, "Dúdú àti funfun ni." Wọ́n á ní, "Kò burú, a ń bọ̀." Nílé wa, "a ń bọ̀" ni ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tí kò ní padà wá mọ́ láyé. Kì í ṣe pé bàbá mi kò lè ya kọ́lọ̀. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé bí wọ́n bá yà á, wọ́n á ní láti kó fíìmù náà ránṣẹ́ sí àwọn kan níbi tó jìnnà kí wọ́n bá wọn fọ̀ ọ́. "Fọ́tò tí mo yà, tí n kò fọwọ́ mi fọ̀," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, "ọmọ tí mo bí, tí ẹlòmíràn sọ lórúkọ ni."

Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa ni fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ìkómọjáde àti fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìwáṣẹ́. Èyí tí bàbá mi fẹ́ràn yàtọ̀. Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n á gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti Máfolúkù lọ sí Òṣòdì, wọ́n á lọ dúró síbi tí àwọn ènìyàn ti ń sọdá ìlà rélùwéè. Ohun tí wọ́n ń yà níbẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni nílé. Wọ́n á ya omi òjò tó dúró lójú títì. Wọ́n á ya agboorun láti ẹ̀yìn, kò ní sí ojú kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n á ya àwọn ọkùnrin tó ru àpò sìmẹ́ńtì, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ ti sọ wọ́n di funfun láti orí dé ẹsẹ̀, àti òjìji wọn tó dúdú kirikiri nílẹ̀. Àwọn tó wà nínú fọ́tò náà kò mọ̀ pé wọ́n ya àwọn, kò sì sí ẹni tó máa wá gbà á. Màmá mi ló sọ wọ́n lórúkọ: fọ́tò aláìlólúwa. Bí àlejò bá béèrè ohun tó wà nínú àpótí tó wà lábẹ́ àga, wọ́n á ní, "Àwọn fọ́tò aláìlólúwa bàbá Dúpẹ́ ni. Bí ẹ bá mọ olúwa wọn, ẹ bá wa kí i."

"Àwọ̀ máa ń pariwo," bàbá mi á wí nídìí oúnjẹ, òkèlè wọn á sì dúró sí agbede-méjì àwo àti ẹnu, nítorí wọn kì í lè wàásù kí wọ́n sì jẹun pọ̀. "Lọ dúró ní Òṣòdì lọ́sàn-án. Aṣọ ń pè ọ́, bọ́ọ̀sì ń pè ọ́, ike ń pè ọ́, gbogbo wọn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. O ò ní rí ènìyàn kankan. Ṣùgbọ́n mú àwọ̀ kúrò níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Ìgbà yẹn ni wàá rí bí oníkálukú ṣe ń rìn." Màmá mi á jẹ́ kí wọ́n parí, nítorí wọ́n mọ ọ̀wọ̀ ọkọ. Wọ́n á wá yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Dúpẹ́, lọ́la, má ṣe fi epo sí ọbẹ̀ bàbá rẹ o. Epo máa ń pariwo." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, òkèlè á sì rí ibi lọ.

Ẹ má rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni màmá mi ń ṣe. Àwọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n lè fi ojú lásán sọ fún yín pé òwú yìí àti aṣọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́. Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi rán aṣọ kan fún ara wọn: bùbá pupa, ìró aláwọ̀ ewé, etí bùbá aláwọ̀ ewé, ìsàlẹ̀ ìró pupa, gèlè pupa. Nígbà tí wọ́n dúró nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn ń yí wọn ká wò ni. Bàbá mi yà wọ́n. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, mo rí i pé wọ́n kọ́kọ́ fi í sábẹ́ àwo. Ìdí rẹ̀ ni pé lójú fíìmù dúdú àti funfun, pupa àti àwọ̀ ewé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bùbá, ìró, gèlè, etí aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló jáde ní eérú kan ṣoṣo. Màmá mi gbé fọ́tò náà sún mọ́ fèrèsé, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e sún mọ́. "Mo wọ pupa àti ewé lọ síbi ìkórè," ni wọ́n wí, "ẹ wá gbé mi padà wálé nínú àpò sìmẹ́ńtì." Èyí tó burú jù ni pé bàbá mi ti mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ náà, wọ́n ń wo aṣọ náà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi rí ẹran nínú ọbẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìkórè ni ẹnì kan mú ìròyìn wá láti Abẹ́òkúta pé ojú ìyá tó bí màmá mi ti ń ṣe bàìbàì, pé wọ́n kọsẹ̀ lára àtẹ̀gùn wọ́n ṣubú, pé kò yẹ kí wọ́n dá gbé mọ́.

"Ìyá mi ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa," màmá mi sọ fún bàbá mi.

"Ohun tó dára ni. Kí wọ́n máa bọ̀."

"Níbo ni wọn ó máa sùn?"

Bàbá mi wo páálọ̀. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà yàrá wa. Wọn ò wo ọ̀nà yàrá òkùnkùn rárá, èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rò.

"Bàbá Dúpẹ́, òórùn omi yẹn ò lè jẹ́ kí àgbàlagbà mí," màmá mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ kó abọ́ yín kúrò níbẹ̀. Ẹ kúkú bọ́ sórí kọ́lọ̀ bí gbogbo ayé. Bọ̀dá Gàníyù ní àwọn kan wà tí wọ́n á máa bá yín fọ̀ ọ́. Ẹ ò ní nílò yàrá kankan mọ́. Ìyá mi á rí ibi sùn, ẹ̀yin á rí oníbàárà, èmi náà á sì rí ara mi nínú fọ́tò lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú."

Bọ̀dá Gàníyù ni aládùúgbò wa tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ọmọ Ìwó, tó ń bá wọn gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ti ra kámẹ́rà kékeré kan tó ń ya kọ́lọ̀, ó sì ń gbé e kiri bí ìyá ọlọ́mọ tuntun. Bàbá mi gbà láti kó abọ́. Ta ni yóò kọ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ láti sùn nítorí abọ́ mẹ́ta àti gílóòbù pupa? Ṣùgbọ́n láìsí yàrá yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n fi ogún ọdún kọ́ ọwọ́ wọn ti parí nìyẹn, wọ́n á di ẹni tó ń tẹ kámẹ́rà fún ẹlòmíràn láti fọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, bí mo ti kéré tó, inú sì bí mi sí Ìyá Àgbà kí wọ́n tó dé. Bàbá mi ní ìwé fọ́tò ńlá kan tó ṣẹ́kù, èyí tí wọ́n ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ni wọ́n fi dágbére fún yàrá náà. Wọ́n tẹ fọ́tò ìlà rélùwéè Òṣòdì sí i, ó fẹ̀ tó ìbòrí àpótí aṣọ, dúdú rẹ̀ dúdú, funfun rẹ̀ funfun, wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya ìwé sìmẹ́ńtì kúrò lójú fèrèsé, oòrùn sì wọ yàrá náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ti abọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Orin ìsìn tí wọ́n máa ń kùn sí ara wọn lẹ́nu iṣẹ́, n kò gbọ́ ọ mọ́.

Ìyá Àgbà dé pẹ̀lú àpótí kan àti ẹnu tó mú bí abẹ. Aláró ni wọ́n. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi pa aṣọ láró ní Abẹ́òkúta, èékánná wọn ò sì gbàgbé, wọ́n ṣì ní àwọ̀ aró ní gbòǹgbò. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ kọjá lórí wọn, wọ́n wólẹ̀, nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì kọjá, wọ́n tẹrí ba, nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta kọjá, wọ́n ní, "Dúpẹ́, lọ sọ fún wọn kí wọ́n máa gba ẹ̀yìnkùlé." Mo fẹ́ bá wọn bínú bí mo ṣe pinnu, kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní àwọn ò fọ́jú, àwọ̀ ló ṣí lójú àwọn, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ láfọ̀jù. Òótọ́ sì ni. Wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń rí òjìji. Ṣùgbọ́n ike pupa, abọ́ dúdú ni wọ́n ń pè é. Bùbá màmá mi tó jẹ́ àwọ̀ ọsàn, wọ́n ní, "Aṣọ funfun rẹ yìí mọ́ dáadáa," màmá mi sì mí kanlẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi etí gba gbogbo ohun tó ń kọjá, wọ́n á sì máa bi mí pé, "Kí nìyẹn? Ta nìyẹn?" Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ tí wọ́n ń dá sọ ọ́ pé, "Mo wá sí Èkó, n kò rí Èkó." Wọn ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá, mo sì rí i pé bàbá mi, tí wọ́n ń nu kámẹ́rà nítòsí, náà gbọ́.

Màmá mi náà gbọ́, wọ́n sì ní ìwòsàn rẹ̀. Wọ́n wọ léèsì yẹ́lò, Bọ̀dá Gàníyù sì yà wọ́n ní kọ́lọ̀ níwájú òdòdó pupa kan lẹ́bàá ọ̀nà pápákọ̀. A dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó dé, kò sí ẹni tí kò pariwo nínú ilé náà. Ó dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kódà bàbá mi gbà pé ó dára, bí ẹni ń gba oògùn kíkorò mì. Màmá mi kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà, wọ́n fi fọ́tò náà lé wọn lọ́wọ́. "Ẹ wò ó, Màámi. Kọ́lọ̀ ni." Ìyá Àgbà gbé e síwájú, wọ́n gbé e sẹ́yìn. Yẹ́lò àti pupa ti dà pọ̀ mọ́ ara wọn lójú wọn bí ọbẹ̀ tó jóná. Wọ́n fọwọ́ pa á lára.

"Ohun tó dára ni o," wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò fẹ́ ṣẹ ènìyàn. "Ta ló wà nínú rẹ̀?"

Màmá mi gba fọ́tò náà padà. Wọ́n lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ náà sì dún fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo lọ yọjú, kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìrẹsì ti jinná, gbogbo wa sì kó àwo wa lọ sí yàrá Ìyá Àgbà, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá dá jẹun ló jọ ọmọ òrukàn. Bọ̀dá Gàníyù náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí òórùn ìrẹsì ò nílò ìkésíni. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sórí fọ́tò ńlá tó wà lára ògiri. Ìyá Àgbà dẹ́kun jíjẹun. Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ tọ́ ògiri lọ títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fọ́tò náà.

"Igi gígùn méjì tó sùn sílẹ̀ yìí ńkọ́?"

Gbogbo wa wo ara wa. "Ìlà rélùwéè ni, Màmá," bàbá mi dáhùn.

"Ẹn-hẹ́n. Ọkùnrin kan ru ẹrù níbí. Ẹrù náà wúwo, ẹ wo orúnkún rẹ̀." Ìka wọn ń rìn lára fọ́tò náà díẹ̀díẹ̀. "Èyí dúró, ó ń ronú. Àwọn wọ̀nyí ń kánjú." Ìka náà dúró. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Họ́wù! Ta wá nìyí, tó ń la odò kọjá lórí ilẹ̀ gbígbẹ?"

Mo sún mọ́ ọn. Láàárín ogunlọ́gọ̀ náà, lápá òsì, obìnrin kan wà tí kò ga ju oríkèé ìka lọ. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, gèlè rẹ̀ ti fẹ́ já bọ́, ó fi ọwọ́ òsì ká etí ìró rẹ̀ sókè, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí irin rélùwéè bí ẹni tí omi wà ní orúnkún rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́ mi nìyí," Ìyá Àgbà wí. Oríkì màmá mi nìyẹn. "Odò kan wà láàárín ilé wa àti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń káṣọ báyìí. Mo ní bó bá ti dé òkè odò, kó sọ aṣọ sílẹ̀, kò gbọ́. Ó tún gbé e dé Èkó!"

"Èmi kọ́ o, Màámi," màmá mi wí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bọ̀, àwo ìrẹsì lọ́wọ́. Wọ́n wò ó. Wọ́n gbé àwo sílẹ̀, wọ́n tún wò ó. "Ìró àǹkárá ilé mi nìyí! Èyí tó ti gbó! Ẹ wo gèlè mi!" Wọ́n yíjú padà. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀yin lẹ yà mí láìsọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún ọ," bàbá mi wí, ojú wọn wà nínú àwo, "wàá lọ wọ léèsì."

Bọ̀dá Gàníyù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ìrẹsì sì gba ibi tí kò yẹ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rán mi lọ gbé àpótí fọ́tò aláìlólúwa wá. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú fọ́tò òjò, ẹsẹ̀ wọn ló ń fo omi, wọ́n ká etí ìró. Nínú fọ́tò agboorun, agboorun tiwọn tí irin kan ti ṣẹ́ lára rẹ̀ ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn àwọn alápò sìmẹ́ńtì, màmá mi ló ń ná òwú lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n nawọ́ bí wọ́n ṣe máa ń nawọ́ sí bàbá mi bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ojú ẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọjọ́ Sátidé ni màmá mi máa ń lọ ra òwú àti bọ́tìnnì ní Òṣòdì, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. A rí wọn nínú méje.

"Ẹ ní òjò lẹ ń lọ yà," màmá mi wí.

"Mo ń ya òjò náà," bàbá mi fèsì. "Ìwọ lo máa ń gba ibẹ̀ kọjá."

Màmá mi fi etí ìró nu ojú. Wọ́n ní omi fọ́tò ló ta sí àwọn lójú, bẹ́ẹ̀ a ti da omi fọ́tò nù láti bí oṣù kan.

Ìyá Àgbà ló dá ẹjọ́. Wọ́n padà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n béèrè ibi tí ọkọ ọmọ àwọn ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, a sì sọ fún wọn pé orí rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní kí wọ́n dá abọ́ náà padà. Màmá mi ní, "Màámi, òkùnkùn ni wọ́n fi ń ṣe é." Ìyá Àgbà ní, "Èmi tí n kò ríran, kí ni òkùnkùn fẹ́ fi mí ṣe?" Màmá mi ní òórùn rẹ̀ kò dára. Ìyá Àgbà ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ aláró ni ọ́. Kí ló dé tí o fi ń sá fún òórùn? Nínú òórùn ni mo ti rí owó ilé ìwé rẹ. Dúdú àti funfun ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́fà, ẹnì kankan ò sì bi mí pé kọ́lọ̀ dà." Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi tún lẹ ìwé sìmẹ́ńtì mọ́ fèrèsé, èyí tó ṣeé ká sókè báyìí bí iṣẹ́ bá parí. Láti ìgbà náà, bí bàbá mi bá ń tẹ fọ́tò, Ìyá Àgbà á wà lórí bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ gílóòbù pupa, wọ́n á máa fún wọn nímọ̀ràn bí ọ̀gá ṣe ń fún ọmọṣẹ́. "Má yọ ọ́ kíákíá. Aró kì í fẹ́ kánjúkánjú." Orin ìsìn padà sẹ́nu bàbá mi, Ìyá Àgbà sì ń bá wọn gbè é, wọn ò mọ ọ̀rọ̀ orin náà rárá. Nígbà tó yá, bàbá mi ra fíìmù kọ́lọ̀ fún àwọn oníbàárà, nítorí a gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, dúdú àti funfun ni wọ́n ń gbé lọ sí Òṣòdì. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ léèsì lọ ra òwú. Bàbá mi sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀ pé ó ń ba iṣẹ́ àwọn jẹ́.

Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́, bàbá mi náà ti lọ sinmi. Ìlà rélùwéè náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Òṣòdì tó wà nínú fọ́tò yẹn, bí ẹ bá lọ wá a lónìí, ẹ ó kàn sọnù ni. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí ní Òkóta. Fọ́tò kọ́lọ̀ Bọ̀dá Gàníyù ṣì wà. Yẹ́lò léèsì náà ti ṣí, òdòdó ti ṣí, gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀ pupa, a ò sì mọ ibi tí léèsì parí sí tí ọgbà ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ńlá ti Òṣòdì ò yí padà. N kò sọ ọ́ fún màmá mi láti fi dá wọn lẹ́jọ́, nítorí mo fẹ́ máa rí ẹran nínú ọbẹ̀ mi. Ojú màmá mi náà ti ń ṣe bàìbàì báyìí, gẹ́gẹ́ bí ti ìyá wọn. Wọ́n ń pe ike pupa mi ní dúdú. Àwọn tó mọ iye òwú tó wà nínú aṣọ tẹ́lẹ̀! Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n gbé fọ́tò Òṣòdì wá sójú oòrùn. Mo gbé e lé wọn lórí itan. Ìka wọn rin orí irin rélùwéè, ó kọjá lára alápò sìmẹ́ńtì, ó dúró lápá òsì, kò ṣìnà rárá.

"Wò mí," wọ́n wí. "Mò ń yára. N kò mọ̀ pé ẹnì kan dúró dè mí níwájú."

Mo bi wọ́n pé kí ni àwọ̀ ìró tí wọ́n ró lọ́jọ́ náà, nítorí n kò rántí mọ́. Wọ́n ní àwọn náà ò rántí. Ọwọ́ wọn kúrò lára fọ́tò, ó gòkè lọ sí orí wọn, ó ń wá etí gèlè.

"Dúpẹ́," wọ́n wí, "sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n má tíì tẹ kámẹ́rà o. Kí wọ́n jẹ́ kí n tún gèlè mi wé ná."